Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Akẹ́kọ̀ọ́ Títí Dé Ogbó

Ó tọ́, ó sì yẹ, kí ìtàn ẹni ọ̀wọ̀ Samuel Àjàyí Crowther ní àyè nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa yìí, nítorí kò sí ìjọ Áńgílíkà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ̀ ọ́n nínú àwòrán: àgbàlagbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tí ó wọ aṣọ oyè Bíṣọ́ọ̀bù, tí ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú baba tí ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ewu irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ọmọ tí ó bá ń wò ó lójoojúmọ́ lára ògiri ilé-ìwé lè rò pé bí a ti bí i náà nìyẹn, pé láti inú ìyá rẹ̀ ni ó ti gbé ọgbọ́n wá, àti pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kẹrin tí ìṣirò kò yé. Nítorí náà ni àwa ṣe pinnu pé a kì yóò sọ púpọ̀ nípa oyè rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ìwé mìíràn ti sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Ìtàn bí ó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni a fẹ́ sọ, nítorí ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí i ní Òṣogùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìgbà náà kò sí ilé-ìwé kankan ní Òṣogùn, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tí a fi èdè Yorùbá tẹ̀ ní gbogbo ayé. Ohun tí ọmọkùnrin ń kọ́ ni iṣẹ́ baba rẹ̀, oko ríro, ìkíni, àti bí a ti ń bu ọlá fún àgbà. Àwọn wọ̀nyí ni Àjàyí sì kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ogun kò dé, ó ṣeé ṣe kí ó gbó sí ìlú rẹ̀ kí a má sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ láé.

Ṣùgbọ́n ogun dé. Ní ọdún 1821, ní òwúrọ̀ kan tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ lọ́wọ́, àwọn jagunjagun Fúlàní àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn yí ìlú ká. A mú Àjàyí, a mú ìyá rẹ̀, a mú àwọn arábìnrin rẹ̀, a fi okùn so wọ́n pọ̀ ní ọrùn, a sì dà wọ́n lọ bí ẹran. Kò pẹ́ tí a fi yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà kan a fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tí ó ni ẹṣin náà rí i pé òun kò jèrè, ó sì dá ọmọ padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ báyìí ni ó ti dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ Esperanza Felix pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹrú, gbogbo wọn jẹ́ 187. Kí ọkọ̀ náà tó rìn jìnnà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé àwọn olówò ẹrú lórí òkun gbà á, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì di òmìnira. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ibí yìí. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni. Kò ní baba, kò ní ìyá nítòsí, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ṣì wà láàyè. Gbogbo ohun tí ó ní ni a ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ara òun tìkára rẹ̀, tí a ti fi díye lé ní ọjà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A fi í sí abúlé Bathurst, lábẹ́ ìtọ́jú Ẹgbẹ́ C.M.S., a sì mú un wọ ilé-ìwé. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó rí bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà, ó tọ ará ìlú rẹ̀ kan lọ láti tọrọ ìdajì kọ́bọ̀, ó sì fi ra páálí tí a tẹ ABD sí, kí ó lè ní tirẹ̀. Àwa fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ṣe àṣàrò lórí ìdajì kọ́bọ̀ yìí. Kò fi ra àkàrà. Ọmọ tí ebi ti pa láti Òṣogùn dé Èkó, tí ó ti sùn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ tọrọ owó láti fi rà.

Kí ni èso rẹ̀? Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí ó dé Sàró, ó lè ka Májẹ̀mú Titun dé ìwọ̀n tí ó dára. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ èyí sílẹ̀ nínú lẹ́tà ìtàn ayé rẹ̀ ní ọdún 1837, kò sì fi ṣe fáárí níbẹ̀. A sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ láàárín àwọn ọmọ, a sì ń fún un ní kọ́bọ̀ méje àbọ̀ lóṣù. Ìyẹn ni owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó gbà láyé, ẹ̀kọ́ ni ó sì ti rí i.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé orí rẹ̀ pé, pé ẹ̀bùn ni. A kò jiyàn pé ó ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti dúró níwájú pátákó fún ọdún púpọ̀ ti rí ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn tí kò sì dé ibì kan, a sì ti rí èyí tí kò yá lórí tí ó dé ibi gíga. Oṣù mẹ́fà kò tó fún ẹ̀bùn nìkan láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí pé ohun méjì ni ọmọ yìí ń kọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kọ́ lẹ́tà, ó sì ń kọ́ èdè tí a fi lẹ́tà náà kọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kà tán, ó tún ní láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ojú bá ń tì láti béèrè kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí ó kọ́ ọ ni ọ̀gbẹ́ni Weeks wà, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Sàró ní ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìwé, Àjàyí kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú, kò sì ka ayùn sí ohun tí kò yẹ ọwọ́ tí ó ń di kálámù mú.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún kejì a mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lo oṣù díẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọ Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà. Ní ọdún 1827, nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn tí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Láti inú ilé-ẹ̀kọ́ kékeré náà ni ọ̀pọ̀ àlùfáà, olùkọ́ àti amòfin ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ti jáde. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́, ó sì gbé Asano níyàwó, ọmọbìnrin Yorùbá tí a gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí a ṣe ìrìbọmi fún ní orúkọ Susan. Obìnrin yìí pẹ̀lú jẹ́ olùkọ́. Ó yẹ kí a máa rántí rẹ̀ ju bí a ti ń ṣe lọ.

Ọ̀pọ̀ ni ó wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti di olùkọ́, ìwé kíkà ti tán lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Crowther kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ èdè Tẹ́mùné tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Sàró ń sọ. Ní ọdún 1841 a rán an pẹ̀lú àlùfáà Schön nínú ìrìn-àjò àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí Odò Ọya. Ìrìn-àjò náà kún fún ìbànújẹ́, nítorí ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ. Ṣùgbọ́n ìwà àti ìmọ̀ Crowther hàn sí gbogbo ènìyàn, Schön sì dámọ̀ràn pé kí a mú un lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àlùfáà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti gbóná jù. Ní ọdún 1842 tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Islington, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ó ti ní ìyàwó, ó ti bí ọmọ, ó ti jẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún un ní Freetown. Ó fi gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀ láti jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó, nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí a sì máa fi ààmì sí àṣìṣe rẹ̀. Ó kọ́ Látìnì, ó kọ́ Gíríìkì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí kan pé ọmọ àwọn ti dàgbà jù láti padà sí ilé-ìwé, nígbà tí ọmọ náà kò ì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bà wá nínú jẹ́.

Ní àkókò náà àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan gbà gbọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbangba, pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò lè ronú jinlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Scholefield, olùkọ́ èdè Gíríìkì ní Cambridge, ni ó ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Islington. A ròyìn pé nígbà tí ó ka ìdáhùn Crowther, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun mú ìwé náà lọ sí Cambridge láti fi han ọ̀rẹ́ òun kan tí ó wà lára àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀. Crowther kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀ràn yìí. Ó kọ ìdáhùn rẹ̀, ó sì fi kálámù sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1843 a fi í jẹ díákónì, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ó di àlùfáà.

Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Ẹ̀kọ́ tí ó le jùlọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a ó sì sọ jù, nítorí èyí ni ó kàn wá jù ní ilẹ̀ yìí. Àjàyí kúrò ní Òṣogùn ní ọmọdé. Yorùbá tí ó mú lọ jẹ́ Yorùbá ọmọ ọdún méjìlá. Ó sì ti lo ogún ọdún ó lé tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà. Nísinsìnyí a fẹ́ kí ó fi èdè baba rẹ̀ wàásù, kí ó sì túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn Yorùbá fún àwọn ará wa tí ó wà ní Freetown. Ènìyàn kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè tí ó ti fi sílẹ̀ láti kékeré yóò mọ irú ìwárìrì tí ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ó ti ṣe é? Ó tún padà di ọmọ ilé-ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò mọ ìwé rárá. Àwọn àgbà ni, àwọn obìnrin ọjà, àwọn babaláwo, àwọn àlùfáà ìmàle, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ó bá ń bá wọn jiyàn ọ̀rọ̀ ìsìn pàápàá, etí rẹ̀ kan wà lára ìtumọ̀, èkejì wà lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dára, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò tó láti fi túmọ̀ Bíbélì, nítorí náà ó ń wá èyí tí àwọn àgbà mọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ó ń kó òwe jọ. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1852 ó sì tún un ṣe, ó mú un tóbi sí i. Àlùfáà tí ó mọ Gíríìkì ń jókòó lórí ẹní lẹ́bàá àgbà tí kò mọ ABD, ó ń béèrè bí a ti ń pe nǹkan, kò sì rí i bí ohun tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1846 ó wọ Abẹ́òkúta pẹ̀lú àlùfáà Townsend. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ni ó tún rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A ròyìn pé wọ́n di ara wọn mú, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1848, ó gba orúkọ Hannah. A máa ń ronú nígbà mìíràn pé mélòó nínú àwọn ọ̀rọ̀ dídùn tí ó wà nínú Bíbélì wa ni ó ti ẹnu obìnrin àgbà yìí jáde, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó. Kò sí ìwé tí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè ìyá, lọ́dọ̀ ìyá ni a ti ń gbà á.

Ìṣubú kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn ọmọ wa kì í sábà gbọ́. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀. Nínú iná náà ni ìwé tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ lórí èdè Yorùbá jó. Ọdún mọ́kànlá! Ẹni tí eku bá jẹ ìwé iṣẹ́-àmúrelé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan mọ bí ó ti máa ń rí lára. Kí a wá fi ọdún mọ́kànlá ṣírò rẹ̀. Ó dùn ún gidigidi, kò sì pa á mọ́ra pé ó dun òun. Lẹ́yìn náà ó tún mú kálámù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni nígbà náà, tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A kì yóò sọ púpọ̀ nípa Odò Ọya, níbi tí ó ti lo apá ìkẹyìn ayé rẹ̀. Ó tó kí a sọ pé bí ó ti dé ilẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan ni ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ìwé ABD fún àwọn Ìbò ní ọdún 1857, ó sì ṣe ìwé lórí èdè àwọn Tápà, èyí tí ó jáde ní ọdún 1864. Ní ọdún 1864 kan náà, ní ọjọ́ àjọ̀dún Peteru Mímọ́, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ ńlá Canterbury, Yunifásítì Oxford sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí a fi pààrọ̀ ẹṣin rí ni èyí. Ibikíbi tí ó bá sì dá ìjọ sílẹ̀ ní etí odò náà, ilé-ìwé a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Èkó pẹ̀lú, àlùfáà T. B. Macaulay tí ó fẹ́ Abigail ọmọ rẹ̀ ni ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875 a pe ìpàdé kan ní Èkó láti fi ẹnu kò sí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Crowther ni alága. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́wàá ó lé, síbẹ̀ ó jókòó láti gbé ọ̀ràn lẹ́tà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: bí a ó ti ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, àti ọ kúrò lára o, àti ṣ kúrò lára s. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń kùn pé ààmì ti pọ̀ jù nínú Yorùbá yóò ṣe dáadáa bí ó bá rántí pé àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn fi odindi ọjọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn ààmì náà, kí ó má baà ṣi ọ̀rọ̀ kà. Ní ọdún 1884 odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Òun nìkan kọ́ ni ó túmọ̀ rẹ̀. Àwọn bíi àlùfáà Thomas King bá a ṣe nínú iṣẹ́ náà, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé wọn.

Ìkẹyìn ọjọ́ rẹ̀ kò rọgbọ. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan tí a rán wá sí Odò Ọya dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi, wọ́n sì fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ ní ọdún 1890, tí ó fi kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso owó iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀ràn yìí lẹ́yìn náà ti fi hàn pé a ṣe àìtọ́ sí i. Àwa gbà bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún tí ó ti tọrọ ìdajì kọ́bọ̀ ní Bathurst láti fi ra ABD.